Ọtí Ẹjọ́ Ti Tán, Ẹjọ́ Kò Parí: Ǹjẹ́ Owó Tọ́ sí Onídàájọ́ Tí A Kò Tẹ̀lé Ìdájọ́ Rẹ̀?

Ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sáábà lọ tààrà sí kóòtù. Ilé olórí ẹbí ni ó máa ń kọ́kọ́ yà sí. Láti ibẹ̀ ó lè dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, bí apá ìjòyè kò bá sì ká a, a gbé e lọ sí ààfin Olófun. Níbikíbi tí ẹjọ́ náà bá ti dúró, nǹkan a máa jáde lọ́wọ́ àwọn tí ń rojọ́: obì, ọtí, àti, láyé òde òní, owó. Nígbà tí àwọn àgbà bá gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì tán, wọn a sọ ẹni tí ó jàre, wọn a sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, wọn a ní kí ààlà dúró ní ibi igi pèrègún báyìí, wọn a súre, kálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi tún gbé igbà àti àdá, tí ó gba inú oko kan náà lọ láti kọ ẹyìn, ìbéèrè kan ni yóò jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n dá láre: kí ni òun wá náwó lé lórí?

Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa fèsì pé iṣẹ́ tí a rán àwọn ni àwọn jẹ́. Àwọn gbọ́ ẹjọ́, àwọn dá a, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àwọn láti lọ máa ṣọ́ ìdí ọ̀pẹ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó náwó náà a ní òun kò ra ọ̀rọ̀ ẹnu, ilẹ̀ òun ni òun ń wá. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń gbóná jù. Wọ́n ní bí télọ̀ bá gba owó tí kò sì rán aṣọ, gbájúẹ̀ ni a ó pè é. Èé ṣe tí ti àgbà fi wá di àṣà?

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí obì àti ọtí náà jẹ́ gan-an. Wọn kì í ṣe iye tí a ń ra ìdájọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ìgò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ì bá máa jàre, ohun tí àṣà sì kọ̀ nìyẹn. Obì ni a fi ń pe àwọn tí a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá ti pa á, tí olùpẹ̀jọ́ jẹ nínú rẹ̀, tí olùjẹ́jọ́ náà sì jẹ nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ti fi ẹnu ara wọn gbà, níṣojú àwọn alààyè àti àwọn tí ó ti lọ, pé ilé yìí ni kí ó dá sí ọ̀rọ̀ àwọn. Ọtí tí a ta sílẹ̀ jẹ́ ti àwọn baba ńlá. Èyí tí ó kù ni àwọn tí ó jókòó ń mu, kì í sì í ṣe nítorí òùngbẹ (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ṣàìrí àwọn tí òùngbẹ máa ń gbẹ ní ọjọ́ ẹjọ́). Ẹni tí ó bá ti mu nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ní ogún ọdún sí i, kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ohun kan tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé ní ayé ìjọba amúnisìn, ògógóró, ọtí tí àwọn ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń sè láti inú ẹmu ògùrọ̀, lòdì sí òfin. Ìgò tí ó so olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ pọ̀ mọ́ ìdájọ́ àwọn àgbà lè gbé gbogbo ilé ẹjọ́ náà lọ sí àtìmọ́lé bí ọlọ́pàá bá ya ibẹ̀.

Bí obì àti ọtí bá jẹ́ ti ìgbọ́ràn àti ti ìjẹ́rìí, ta wá ni ó ń mú kí ìdájọ́ ṣẹ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí nígbà tí wọ́n bá ń bú àwọn àgbà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣe àpèjúwe bí wọ́n ti ń gba gbèsè lọ́wọ́ olórí kunkun. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè a rán ológò lọ sí ilé ajigbèsè. Ológò a wọlé, a jókòó, a fi ariwo àti èébú kún ilé, a ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ tí ó dára, a mú adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tí ojú rẹ̀ bá rí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí owó bá jáde. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé ẹnìkan dógò ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí kò ní ìtìjú nínú ni, kì í sì í ṣe ọmọlúwàbí ni wọ́n ń rán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ológò kì í ṣe onídàájọ́. Ẹnu tí ó dá ẹjọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ń mú un ṣẹ, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wá: ajigbèsè fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ ológò.

Ọwọ́ mìíràn tí ń mú ìdájọ́ ṣẹ ni ìbẹ̀rù. Ẹni tí a dá lẹ́bi mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ̀rọ̀ àgbà, wọn kò ní bá òun sin òkú, wọn kò ní wá síbi ìgbéyàwó ọmọ òun, ẹgbẹ́ òun kò sì ní bá òun ṣọ̀wẹ̀. Bí a bá ti fi ìbúra kún un, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìbẹ̀rù yìí ti kú ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìlú náà, tí ojú ń fọ́ lójijì, tí orí ń fọ́ni, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé òrìṣà Málòkun ni ó ń bínú sí àwọn tí ó fọ́ ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò àwọn oníṣègùn ni ó fi hàn pé májèlé tí a ń pè ní methanol, tí ó wọ inú ọtí, ni ó fa ikú náà. Bí ọkàn àwọn ènìyàn ti yára lọ síbẹ̀ fi hàn pé wọ́n ṣì gbà pé ẹni tí kò sí ní kóòtù lè dá ènìyàn lẹ́bi, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìdájọ́ ṣẹ.

Ìjọba òyìnbó ni ó já ọwọ́ wọ̀nyí gbà. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti ọdún 1914 gbé agbára ìdájọ́ fún àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, ọba àti ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù láti inú àpò ìjọba ìbílẹ̀, dípò owó ẹjọ́ àti ìtanràn tí ó jẹ́ oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1957, òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn pín àwọn kóòtù náà sí ìpele ìpele, pẹ̀lú akọ̀wé àti bélífù. Ológò di arúfin, bélífù gba ipò rẹ̀. Onídàájọ́ ìjọba ń gba owó oṣù rẹ̀, yálà bélífù rí ẹrù gbé tàbí kò rí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 tilẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ dín owó oṣù adájọ́ àgbà kù lẹ́yìn tí a ti gbà á síṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí adájọ́ tí ó wà ní Okitipupa dá owó oṣù padà nítorí pé ẹni tí ó dá lẹ́bi sá lọ sí Warri. Àwọn àgbà ní ààfin ni ó kù tí wọ́n ń dá ẹjọ́ láìní bélífù, àwọn nìkan sì ni a ń bi léèrè owó.

Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà náà má tíì yọ̀. Òfin òde òní kò sọ pé ìdájọ́ wọn jẹ́ àsọdànù. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Inyang àti Essien, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà gbà pé bí àwọn méjì bá gbé ọ̀rọ̀ wọn fún àwọn ìjòyè tàbí ẹlòmíràn, tí wọ́n sì gbà pé àwọn yóò tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá sọ, ìdájọ́ náà dè wọ́n. Ní ọdún 1988, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú nínú ẹjọ́ Okpuruwu àti Okpokam, nígbà tí a sọ níbẹ̀ pé òfin Nàìjíríà kò mọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Kóòtù Gíga Jù Lọ dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ipò rẹ̀. Ó ní ìdájọ́ àwọn àgbà dúró bí àwọn méjèèjì bá fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá, tí wọ́n gbà, yálà pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ìṣe, pé àwọn yóò tẹ̀lé ìdájọ́, tí a gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìlànà àṣà wọn, tí àwọn àgbà dé orí ìpinnu tí wọ́n sì kéde rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì gbà á ní àkókò tí a ṣe é.

Ẹ wo èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Inú rẹ̀ ni ihò wà. Ẹni tí ó bá dìde lójú ẹsẹ̀ tí ó ní òun kò gbà, ó lè sọ gbogbo ìjókòó ọjọ́ náà di asán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nínú ẹjọ́ Kwasi àti Larbi tí ó ti ilẹ̀ Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, dé Privy Council ní London, wọ́n ti sọ pé ẹni tí ó ti gbà kí a dá ẹjọ́ fún òun kò lè yí ohùn padà lẹ́yìn tí ìdájọ́ ti jáde. Ilẹ̀ wa gba ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún àgbà tí ó fẹ́ dá ẹjọ́ ní Ìrẹ̀lẹ̀ lónìí wà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ro ẹjọ́: kí ó bi olùpẹ̀jọ́, kí ó bi olùjẹ́jọ́, níṣojú gbogbo ènìyàn, bóyá wọn yóò gba ohun tí ó bá jáde, kí ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti yí padà pátápátá. Bí àwọn méjèèjì bá mú nǹkan wá ní ọgbọọgba, kí a tó bẹ̀rẹ̀, obì àti owó náà fúnra wọn di ẹ̀rí pé wọ́n fínnúfíndọ̀ wá. Ẹni tí ó san owó ìjókòó ní òwúrọ̀ yóò ṣòro fún láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ pé wọ́n fi agbára mú òun wá ni. Owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń bínú sí wá di ọ̀kan nínú àwọn okùn díẹ̀ tí ó ṣì lè di ìdájọ́ àwọn àgbà mú.

Àmọ́, àgbà tí ó gba obì lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, tí ó rán ọmọ lọ pe ẹnì kejì, tí ẹni yẹn kò wá, tí ó sì dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa rẹ̀? Tàbí èyí tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti wà ní kóòtù, tí ó sì gba owó láti tún un dá? Tàbí èyí tí ń sún ẹjọ́ síwájú lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, tí ìgò tuntun sì ń wọlé ní gbogbo ìjókòó? Ìdájọ́ irú wọn kò lè dúró, wọ́n sì mọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Ẹni tí ó ta agbọ̀n jíjò fún aláṣọ mọ ohun tí òun tà. Kí wọ́n dá owó náà padà. Bí àṣà kò bá sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ ńkọ́, tí olórí kunkun kan sì kọ̀? Àwọn tí ó ní kí a máa san owó onídàájọ́ lẹ́yìn tí ìdájọ́ bá ti ṣẹ kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Ká ní talákà kan àti olówó kan ń jà sí oko ọ̀pẹ. Onídàájọ́ mọ̀ pé bí òun bá dá talákà lẹ́bi, kíá ni yóò kúrò lórí ilẹ̀ náà, owó òun yóò sì pé. Bí òun bá dá olówó lẹ́bi, yóò gba lọ́yà, yóò kó àwọn jàǹdùkú sí oko, owó òun yóò sì wọmi. Èwo ni yóò dá lẹ́bi? Ẹni tí ó bá so owó onídàájọ́ mọ́ ìmúṣẹ ti so ó mọ́ ẹni tí kò lágbára láti kọ̀, àwọn tí wọ́n nílò onídàájọ́ jù ni yóò sì kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀rí tí ó tóbi ju oko ọ̀pẹ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó yẹ kí ó parí ogun Kírìjì. Samuel Johnson kan náà yìí àti Charles Phillips ni wọ́n ń rìn láàrin ibùdó ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ gómìnà Èkó, Alfred Moloney. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti pinnu pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Èkó rán Higgins àti Smith wá láti mú àdéhùn náà ṣẹ. Ibùdó ogun tú ká, wọ́n sì sun wọ́n. Ṣùgbọ́n Modákẹ́kẹ́ kò ṣí kúrò. Ọdún 1909 ni a tó tú ìlú náà ká, wọ́n sì tún padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìjà náà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981 àti láti ọdún 1997. Ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ Johnson àti Phillips jẹ́ òfo nítorí ẹ̀ka kan nínú àdéhùn tí kò ṣẹ? Ogun tí ó ti jà láti ọdún 1877 parí.

Àwọn onídàájọ́ ńláńlá òkè òkun náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní England, títí di apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí àwọn adájọ́ gbà ni pé ẹni tí a pè láti parí ìjà kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀. Iyì ni wọ́n kà á sí. Lónìí, òfin wọn ti ọdún 1996 fún un láṣẹ láti di ìwé ìdájọ́ mú sọ́wọ́ títí a ó fi san owó rẹ̀ tán. Wọn kò dúró wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò tẹ̀lé e. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Philippines pe China lẹ́jọ́ nípa òkun gúúsù China, China kò yọjú, kò sì san kọ́bọ̀. Philippines ni ó san ìpín tirẹ̀ àti ìpín China. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2016, China sì ní ìwé lásán ni.

Ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ tún gbóná jù. Ilé-iṣẹ́ P&ID, tí ó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn gáàsì ní ọdún 2010, gba ìdájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2017 pé kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé sọ ọ́ di bílíọ̀nù 11 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní London sọ pé jìbìtì àti rìbá ni wọ́n fi rí ìdájọ́ náà gbà. Kò di ẹ̀bi náà ru àwọn onídàájọ́ mẹ́ta tí ó gbọ́ ẹjọ́ yẹn; wọ́n ti tan àwọn náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni nínú irú ẹjọ́ wọ̀nyí, kí ìdájọ́ tó jáde ni a ti ń gba owó sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé òfin bá lè jókòó fún ọdún púpọ̀, kí ohun tí wọ́n dá sì wó, a kò gbọdọ̀ retí pé kí ìjòyè kan ní Ìrẹ̀lẹ̀, tí kò ní bélífù tí kò sì ní akọ̀wé, fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdájọ́ òun yóò ṣẹ.

Ohun tí a lè retí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Kí owó ìjókòó kéré, kí àwọn méjèèjì san iye kan náà, kí a sì gbà á ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó má ṣe gba ẹ̀bùn ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jàre, nítorí pé ẹ̀bùn yẹn ni ó ń sọ owó ọ̀yà di rìbá, bí a tilẹ̀ fi ẹ̀rín gbé e wá. Kí ó kọ ìdájọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ àwọn tí ó jókòó, àti ibi tí pèrègún wà.

Ìwé pélébé yẹn sì ni ọ̀pọ̀ tí ń bínú sí àwọn àgbà kì í bèèrè. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá padà sí oko, ẹni tí ó jàre lè gbé e lọ sí kóòtù ní Okitipupa. Níbẹ̀, bí ó bá lè fi hàn pé àwọn méjèèjì gbà kí àwọn àgbà dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì gba ìdájọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, adájọ́ lè sọ fún olórí kunkun pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, kò sì ní tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gun orí àpótí ẹlẹ́rìí, kí ó búra, kí ó sì sọ pé òun wà níbẹ̀, òun jẹ nínú obì náà. Ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni àgbà tí ó gba owó ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè é tí yóò ní ẹsẹ̀ ń dun òun, tàbí tí yóò bèèrè ta ni yóò san owó ọkọ̀ òun láti Ìrẹ̀lẹ̀ dé Okitipupa.